Kí Lẹ Jẹ? Ìbéèrè Tó Ń Tú Àṣírí Àìsàn Inú Oúnjẹ

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn alásè òde àríyá, àwọn olóúnjẹ ọjà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ sọ ní 7 June, àyájọ́ ọjọ́ oúnjẹ aláìléwu lágbàáyé.

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń se oúnjẹ fún ìlú, ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin wolé-wolé ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Mo mọ̀ pé nígbà tí wọ́n ní wolé-wolé ló fẹ́ sọ̀rọ̀, àwọn kan nínú yín ti ń wo ọ̀nà àbájáde. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò mú ìwé ìpẹ̀jọ́ wá lónìí.

Ẹ ti mọ ohun tí wolé-wolé máa ń sọ: ẹ fọwọ́, ẹ bo ìkòkò, ẹ lé eṣinṣin. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, a ó sì kan díẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé oúnjẹ ń ṣe wá léṣe, a kì í sì í wádìí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ènìyàn mẹ́wàá á ti òde ìsìnkú dé, mẹ́fà nínú wọn á máa bì, wọ́n á máa ṣunú mọ́jú. Ẹnì kan á ní ọ̀tá ló fi nǹkan sí oúnjẹ. Ẹnì kejì á ra Flagyl ní kẹ́mísì, ẹ̀kẹta á lọ gba abẹ́rẹ́ "máléríà àti táífọ́ọ̀dù", orúkọ tí a fi ń pe gbogbo ohun tó bá ti mú ènìyàn nínú. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ara ti yá, ọ̀rọ̀ ti parí. Alásè ti gba iṣẹ́ mìíràn fún Sátidé tó ń bọ̀, bó sì ṣe sè é lọ́jọ́sí náà ló tún máa sè é.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìròyìn kan jáde ní 2015. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé lọ́dọọdún, nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ènìyàn ni oúnjẹ tó lábàwọ́n ń dá dùbúlẹ̀ láyé, tí 420,000 sì ń kú. Ti Áfíríkà nínú rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 91 tó ń ṣàìsàn àti 137,000 tó ń kú. Ìṣirò ni o. Àwọn onímọ̀ ló jókòó, tí wọ́n fi ìwọ̀nba ohun tí wọ́n rí fojú bu ohun tí wọn kò rí. Àwọn mẹ́fà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò sí nínú ìwé ilé ìwòsàn kankan.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ bí a kò bá béèrè? Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Iléṣà àti Ìkàrẹ́.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àìsàn kan máa ń yọjú nílẹ̀ Yorùbá nígbà òjò, pàápàá láti July sí September. Ẹni tí ara rẹ̀ le á jẹun tán, kò ní í pẹ́ tí á fi máa bì. Ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ kò ní í gbé e mọ́, bó bá dìde, á máa ta gbọ̀ngbọ́n bí ẹni tó mutí yó, bẹ́ẹ̀ kò fẹnu kan ọtí. Òmíràn kò ní í mọ ibi tó wà mọ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí a máa ń sọ nípa irú àìsàn bẹ́ẹ̀ nílé wa. Ní 1958, dókítà méjì, Wright àti David Morley, ẹni tó ṣiṣẹ́ ní Iléṣà, kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Orúkọ tí wọ́n fún un fi hàn pé ọpọlọ ni wọ́n rò pé àkóràn ti bá. Ní 1972, Kayọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Ìbàdàn, àgbà nínú ìmọ̀ ọpọlọ àti iṣan, tún kọ̀wé lórí bí àìsàn náà ṣe jà ní apá ìwọ̀-oòrùn wa. Wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò tíì yọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sókè ni Dókítà Bọ́lá Adámọ́lẹ́kún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá tọ pinpin rẹ̀. Inú àwo oúnjẹ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kí lo jẹ kó tó bẹ̀rẹ̀? Ìdáhùn náà ń bọ́ síbì kan náà: oúnjẹ òkèlè, ó sì ní ekùkù yíyan níbẹ̀. Nígbà tí àìsàn náà jà ní Ìkàrẹ́, ohun kan náà ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lóko mọ ekùkù. Kòkòrò orí igi ni, ó máa ń pọ̀ nígbà òjò, òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ náà ló sì ń ran ilé tí a fi ń rí òwú sányán. Bẹ́ẹ̀ ni, sányán tí bàbá ìyàwó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó dùn, ó sì ń ṣara lóore, ẹran ẹni tí kò lówó ẹran ni. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń ba fítámì B1 jẹ́. Ẹni tó ń jẹ ẹran, ẹ̀wà àti ẹja dáadáa lè jẹ ẹ́ kó má ṣe é ní nǹkan kan. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ ló ń jẹ láàárọ̀ títí dalẹ́, fítámì náà kò pọ̀ lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá wá jẹ òkèlè ńlá, ara nílò fítámì yìí láti fi lo sítáàṣì inú rẹ̀, ekùkù sì ń run ìwọ̀nba tó kù. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀.

Ní 1994 wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde níbi tí wọ́n ti fún àwọn aláìsàn kan ní fítámì B1, tí wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Àwọn tó gba fítámì ni ara wọn yá. Fítámì tí kò wọ́n rárá! Nígbà tó di 2000, àwọn olùwádìí láti Japan àti Nàìjíríà fi hàn nínú láàbù pé ohun tó ń jẹ fítámì náà wà nínú kòkòrò yìí lóòótọ́, pé iná díẹ̀ kì í sì í pa á, àfi kí wọ́n sè é jinná dénú. Kò sẹ́ni tó ní kí a má jẹ ekùkù mọ́. Ọdún 35 ló wà láàárín ìwé Wright àti Morley àti ìgbà tí Adámọ́lẹ́kún kọ tirẹ̀ sínú Lancet ní 1993. Mi ò dá àwọn àgbà wọ̀nyẹn lẹ́bi, ọpọlọ ni wọ́n kọ́ wọn láti máa wò. Ṣùgbọ́n ẹ ro iye ìdílé tó ti gbé aláìsàn kiri ilé àdúrà àti ilé babaláwo láàárín ọdún wọ̀nyẹn, tí wọ́n sì ń padà sílé lọ jẹ ọbẹ̀ kan náà.

Ìtọpinpin fúnra rẹ̀ kò nira. Ká ní wọ́n pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú pé àwọn tó jẹun níbi ìsìnkú àná ti dùbúlẹ̀. Aago ni mo máa kọ́kọ́ béèrè. Aago mélòó lẹ jẹun, aago mélòó ni èébì bẹ̀rẹ̀? Bó bá jẹ́ wákàtí méjì sí mẹ́rin, tí èébì pọ̀ ju ìgbẹ́ gbuuru lọ, tí kò sì sí ibà, ọkàn mi á lọ sí oró tí bakitéríà ti pèsè sínú oúnjẹ kí wọ́n tó bù ú: ti Staphylococcus láti ọwọ́ tó légbò tàbí ọwọ́ tí wọ́n fi nu imú, tàbí ti Bacillus cereus inú ìrẹsì. Bó bá tó wákàtí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí inú ń rún, tí ìgbẹ́ ń ṣàn, tí èébì kò sí, màá béèrè ọbẹ̀ ẹran inú ìkòkò ńlá tó pẹ́ kó tó tutù. Bí ibà bá bá a rìn lọ́jọ́ kejì, Salmonella ni mo máa fura sí, màá wo ẹyin àti adìẹ.

Lẹ́yìn aago ló kan oúnjẹ. Mi ò ní bi yín pé kí lẹ rò pé ó fà á, nítorí oúnjẹ tí ènìyàn jẹ kẹ́yìn ló máa ń dá lẹ́bi, tàbí ẹni tí kò fẹ́ràn. Màá kọ gbogbo ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ sílẹ̀, látorí ìrẹsì dórí mọ́ínmọ́ín, sàláàdì, ẹja díndín àti zobo, màá sì bi ẹnì kọ̀ọ̀kan pé ṣé ó jẹ èyí, ṣé ó jẹ tọ̀hún. Ẹni tí nǹkan kan kò ṣe gan-an ni mo máa ń wá kiri, èyí ló sì máa ń ya àwọn onílé lẹ́nu. Wọ́n á ní, "Ẹ fi bàbá yìí sílẹ̀, ara wọn le, ẹ wá wo àwọn tó dùbúlẹ̀." Rárá o. Bí 30 nínú 40 tó jẹ mọ́ínmọ́ín bá dùbúlẹ̀, mi ò tíì mọ nǹkan kan. Ìgbà tí mo bá tó mọ̀ pé nínú 40 mìíràn tí kò fẹnu kàn án, méjì péré ló ṣàìsàn, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó ń dún létí mi.

Ẹ̀yin alásè, ẹ ó bínú sí mi díẹ̀ níbí. Mo ti bá yín dé ẹ̀yìnkùlé lóru. Ẹ dáná ní aago mọ́kànlá alẹ́ Friday. Ní aago mẹ́ta òru, ìrẹsì ti jinná. Ẹ kó o sínú kúlà ńlá, ẹ fi ọ̀rá bò ó, ẹ tẹ ìdérí mọ́ ọn kó lè gbóná dojú ọjọ́. Òde yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá, alága ìjókòó dé ní aago mẹ́ta, wọ́n bu oúnjẹ ní aago mẹ́rin. Wákàtí mẹ́tàlá nìyẹn. Àárín 5 sí 60 lórí ìwọ̀n Celsius ni bakitéríà ti ń gbilẹ̀, inú kúlà sì lè ti bọ́ sáàárín rẹ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó bu oúnjẹ. Bacillus cereus tún ní ọgbọ́n kan: ó máa ń wọ èèpo líle tí iná ìsebẹ̀ kì í pa, bí oúnjẹ bá ti ń lọ́wọ́ọ́wọ́, á bọ́ èèpo náà, á sì máa bí sí i. Oró tó ń fa èébì tó bá tú síbẹ̀, bí ẹ gbé e padà sórí iná tó hó yaya, oró náà kò lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tó sọ pé "mo ti gbé e kaná padà" kò fi ní àwíjàre lọ́dọ̀ mi.

Ẹ se é ní ìpele-ìpele, kí ti ìkẹyìn jinná nígbà tí àlejò ti ń jókòó. Èyí tí ẹ bá máa tọ́jú, ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo pẹrẹsẹ kó tètè tutù, kó wọ fíríìjì láàárín wákàtí méjì. Ìwọ̀n ooru tí wọ́n ń tì bọnú oúnjẹ kò wọ́n ju ìbòrí ìkòkò kan lọ. Bí inú ẹran bá ti dé 70, ó ti jinná. Àti ọmọbìnrin tó wọ ọ̀rá lọ́wọ́ láti fi bu ẹran, tó sì fi ọwọ́ ọlọ́ràá yẹn gan-an ṣa náírà tí wọ́n ná mọ́ olórin lórí, kó tó padà sídìí ẹran: ta ni ọ̀rá náà ń dáàbò bò?

Àwọn ará South Africa ti rí irú ìtọpinpin tó le ju ti òde ìsìnkú lọ. Ní July 2017, àwọn dókítà tó ń tọ́jú ìkókó ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní Gauteng rí i pé àwọn ọmọ tuntun tí àrùn listeriosis mú ti pọ̀ jù. Wọ́n ránṣẹ́ sí NICD, àjọ tó ń mójú tó àrùn àkóràn níbẹ̀. Bakitéríà Listeria yìí burú. Inú fíríìjì pàápàá, ó ń pọ̀ sí i. Ó lè tó 70 ọjọ́ lẹ́yìn oúnjẹ kó tó fara hàn. Aboyún lè má ní ju ibà kékeré lọ, kó sì pàdánù ọmọ inú rẹ̀. Ta ló rántí ohun tó jẹ ní oṣù méjì sẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn yìí? Kí December 2017 tó dé, òfin wọn kò tilẹ̀ mú un ní dandan kí dókítà ròyìn àrùn náà.

Wọ́n ṣáà ń béèrè. Nínú aláìsàn 109 tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, 93 ló ti jẹ ẹran alágbèéṣe tí kì í tún dé orí iná, pólónì ló sì pọ̀ jù, ẹran pípọ́n roboto tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí wọ́n ń gé sínú búrẹ́dì ọmọ ilé ìwé. Ó kù díẹ̀ kó dájú. Ní January 2018, wọ́n gbé ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́sàn-án láti ilé ìtọ́jú ọmọ kan ní Soweto wá sí ilé ìwòsàn Chris Hani Baragwanath, inú ń yọ wọ́n lẹ́nu, ara wọn sì gbóná. Dókítà tó gbà wọ́n fura sí oúnjẹ. Ní ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn wolé-wolé dé ilé ìtọ́jú ọmọ náà (ẹ pàtẹ́wọ́ fún wa), wọ́n sì bá pólónì nínú fíríìjì. Wọ́n tọ pólónì náà lọ dé ilé iṣẹ́ kan ní Polokwane. Wọ́n ka DNA bakitéríà tí wọ́n rí nínú ilé iṣẹ́ náà, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà lára àwọn aláìsàn, ẹ̀yà kan náà tí wọ́n ń pè ní ST6 ni. Ní 4 March 2018, mínísítà ìlera, Aaron Motsoaledi, kéde rẹ̀, wọ́n sì kó pólónì kúrò lórí àtẹ. Nígbà tí wọ́n fi máa kéde ní 3 September pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀, ènìyàn 1,060 ló ti mú, 216 sì ti kú. Ìkókó pọ̀ nínú wọn.

Bí dókítà Soweto yẹn bá fún àwọn ọmọ náà ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, tó ní kí wọ́n máa lọ, ta ló máa bá a wí?

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti Jámánì náà, kí ẹ má baà rò pé ìtọpinpin kì í ṣìnà. Ní May 2011, irú E. coli kan tó ń ba kíndìnrín jẹ́ bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn aláṣẹ ní Hamburg kéde pé kùkúḿbà láti Spain ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ Spain da irè oko nù, European Union sì ní láti ya owó tó ju 200 mílíọ̀nù yúrò sọ́tọ̀ láti fi tu àwọn àgbẹ̀ nínú. Bẹ́ẹ̀, àrùn ń pa ènìyàn lọ. Ọ̀kan nínú ohun tó yọ wọ́n ni pé wọ́n fi àwọn tó jẹun sílẹ̀, wọ́n lọ bá alásè. Wọ́n mú ìwé owó tí àwùjọ kọ̀ọ̀kan san ní ilé oúnjẹ kan, wọ́n wo fọ́tò tí àwọn kan yà nídìí tábìlì, wọ́n wá bi alásè pé kí ló wà nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Èhù kékeré ni, tí wọ́n bù sórí oúnjẹ fún ẹwà, tí ọ̀pọ̀ kò rántí pé àwọn jẹ ẹ́. Wọ́n tọ èhù náà dé oko kan ní Lower Saxony, wọ́n sì tọ irúgbìn fenugreek tí wọ́n fi ṣe é láti ibẹ̀ dé Íjíbítì. Ó lé ní 3,800 ènìyàn tó mú ní Jámánì, 53 ló kú.

Tiwa ńkọ́? Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà, ó sì yẹ kí òṣìṣẹ́ kan wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba ìròyìn àrùn. DSNO ni wọ́n ń pè é. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dé ìpínlẹ̀, kó tó dé NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn, ní Abuja. Ẹni tí kò mọ DSNO rẹ̀ lè tẹ 6232, kò gba owó. Bó bá jẹ́ onígbáméjì, ètò yìí máa ń ta jí. Ní June 2024 tí onígbáméjì jà ní Èkó, kọmíṣọ́nnà ìlera, Akin Àbáyọ̀mí, sọ fáyé pé wọ́n ń fura sí kúnùn áyà kan, ohun mímu tí a fi òfíò ṣe, tí wọ́n ń tà nínú ike, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹnì kan ló béèrè ohun tí àwọn aláìsàn mu. Ṣùgbọ́n mẹ́fà tó ti òde ìsìnkú dé, tí wọn kò kú, ta ló ń kọ ti wọn sílẹ̀? Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, bí ẹni méjì tí kì í gbé ilé kan náà bá wọlé lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú èébì, tí ẹ sì gbọ́ pé òde kan náà ni wọ́n lọ, ẹ ti ní ìròyìn lọ́wọ́. Ẹ má dúró de ẹ̀kẹta.

Nígbà tí mo sọ èyí tán, wọ́n gba àwọn tó wà ní ìjókòó láyè láti béèrè ọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ kọ ọ̀kan sílẹ̀ níbí. Ìyá alásè kan dìde lápá òsì. Wọ́n ní, "Ọ̀gá wolé-wolé, ẹ gbọ́ mi o. Bí èmi fúnra mi bá pè yín pé oúnjẹ mi ṣe àwọn ènìyàn, ṣé ẹ ò ní í ti ibi iṣẹ́ mi pa? Ta ló tún máa pè mí sóde?"

Mo ní, "Mà, mi ò ní í parọ́ fún yín. A lè ní kí ẹ dáwọ́ dúró títí a ó fi rí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dákẹ́, orí WhatsApp ni wọ́n ti máa dá ẹjọ́ yín kí ọjọ́ Ajé tó pé, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè ibi tí ẹ ti ra ẹran níbẹ̀. Àgbẹ̀ Jámánì tí mo sọ, irúgbìn tó rà ló kó bá a, ìwé tó wà nílẹ̀ nípa ẹni tó tà á fún un ni wọ́n fi tọ̀ ọ́ lọ. Tiyín wà níbo?"

Wọ́n ní àwọn kì í kọ ju iye owó lọ. A jọ sọ̀rọ̀ nípa ìwé kékeré kan: orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó ta ẹran ní Bódìjà, aago tí ìkòkò gorí iná, aago tó sọ̀ kalẹ̀, aago tí wọ́n bù ú fún àlejò. Mo tún ní kí wọ́n bu díẹ̀ nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan sínú ike mímọ́, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i lára, kó wà nínú fíríìjì fún ọjọ́ mẹ́ta, kí àwa lè rí nǹkan gbé lọ sí láàbù bí wàhálà bá dé. Ìyá náà rò ó díẹ̀, wọ́n wá béèrè ta ló máa san owó epo jẹnẹrétọ̀ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n fi kún owó iṣẹ́, kí wọ́n sì sọ fún oníbàárà ohun tí wọ́n fi kún un fún. Wọ́n ní àwọn á dán an wò ní Sátidé tó ń bọ̀, ìgbéyàwó ni, àlejò 400.